Ọjọ́ Mẹ́wàá ní Kútọ̀nù: Ǹjẹ́ Àwọn Ará Bẹ̀nẹ̀ Ṣẹ́gun Lóòótọ́?

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1990, nínú gbọ̀ngàn ilé-ìtura PLM Alédjo ní Kútọ̀nù, Ọ̀gágun Mathieu Kérékou, ẹni tó ti fi ọdún 17 ṣe olórí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òfin, tí ìbínú rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀wọ̀n, dìde níwájú àwọn aṣojú ará ìlú tó tó nǹkan bí 500, ó ní òun gba gbogbo ìpinnu tí wọ́n ti ṣe wọlé, títí kan ìpinnu tó bọ́ agbára kúrò lọ́wọ́ òun alára. Ìbọn kò dún, ilé kò jó, ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sì ṣàn nínú gbọ̀ngàn náà. Bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Àgùdà kan ló jókòó sórí àga alága, àwọn olùkọ́, amòfin, àgbẹ̀, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ tí kò rí owó oṣù gbà, àti àwọn arúgbó tó ti ṣe olórí ìjọba rí, ni wọ́n sì yí i ká. Ohun tí àwọn jagunjagun àgbàṣe tó fi ọkọ̀ òfurufú balẹ̀ sí Kútọ̀nù ní oṣù Kìíní ọdún 1977 kò fi ìbọn rí ṣe, àwọn tí kò mú ju ẹnu àti bírò dání ṣe é láàárín ọjọ́ mẹ́wàá.

Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti wà lórí ohun tí ọjọ́ mẹ́wàá yẹn bí. Àwọn kan ní òun ni ìṣẹ́gun tó ga jù lọ tí aráàlú ní lórí olórí apàṣẹ-wàá ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn mìíràn, tí wọ́n wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ náà láti ọdún 2019 síwájú, ní ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n lé kúrò lórí àga, pé àga náà ṣì wà níbi tó wà, ẹlòmíràn sì ti jókòó sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1889 ló sọ Alákétu àti Oníṣábẹ̀ẹ́ di ará ilẹ̀ mìíràn. Ọmọ ìyá wa ló wà ní Àjàṣẹ́, ní Ṣakétẹ́, ní Ìdáàṣà àti ní Kétu, ohun tó bá sì bá ojú, dandan ni kó bá imú. Èrò tèmi, tí mo fẹ́ sọ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, ni pé àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ṣẹ́gun, wọ́n sì ṣẹ́gun dáadáa. Ṣùgbọ́n inú ìwé òfin àti inú ilé-ẹjọ́ ni wọ́n kó ìṣẹ́gun náà pamọ́ sí, nígbà tó sì yá, ẹni tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ ṣí i, ó sì kó o.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ọdún 1990 ti tóbi tó, àfi kó mọ irú ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é. Dàhòmì ni orúkọ ilẹ̀ náà nígbà tó gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1960, kò sì pẹ́ tí àwọn sójà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dìtẹ̀ gbàjọba léraléra níbẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní ọmọ olókùnrùn Áfíríkà. Àwọn olóṣèlú mẹ́ta ló pín ilẹ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, Hubert Maga láti òkè ọya, Justin Ahomadégbé láti Agbómẹ̀, àti Sourou Migan Apithy láti Àjàṣẹ́. Nígbà tí ìjà wọn kò sì tán, wọ́n fohùn ṣọ̀kan ní ọdún 1970 pé kí olúkúlùkù máa ṣe ààrẹ fún ọdún méjì méjì, bí ìgbà tí àwọn ìyàwó ilé kan bá ń gba oúnjẹ sísè lọ́wọ́ ara wọn. Maga ṣe tirẹ̀ tán. Ahomadégbé kò tíì lo oṣù mẹ́fà lórí oyè nígbà tí Kérékou àti àwọn ọ̀dọ́ ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1972, tí wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lọ ilé. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ló jó lọ́jọ́ náà, nítorí pé ète àwọn àgbà ti sú wọn.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1974, Kérékou kéde ní Agbómẹ̀ pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ni ilẹ̀ náà yóò máa tẹ̀lé. Ní ọdún 1975 ó yí orúkọ ilẹ̀ náà padà sí Bẹ̀nẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo sílẹ̀, ó sì ti kó àwọn òṣìṣẹ́ sábẹ́ àpapọ̀ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ ohun tó yàtọ̀ lè bá ara rẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n Ségbana, lọ́nà jíjìn réré ní òkè ọya lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà. Adrien Houngbédji, amòfin ọmọ Àjàṣẹ́, sá kúrò nílùú ní ọdún 1975, wọ́n sì dá a lẹ́jọ́ ikú lẹ́yìn. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí, ẹnu ilẹ̀ náà pa rọ́rọ́, nítorí àwọn ènìyàn kò mọ ẹni tó ń fetí gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn ògiri.

Ebi ló kọ́kọ́ la ẹnu yẹn. Àwọn baba wa ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ̀bá Nàìjíríà ni Kútọ̀nù ti ń jẹun: ọjà tó bá balẹ̀ sí èbúté rẹ̀, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń gba Ṣèmẹ̀ àti àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ ilẹ̀ wa. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àjèjì lọ ní ọdún 1983, tó sì ti ààlà pa láti ọdún 1984 títí di ọdún 1986, ọwọ́ ilẹ̀ náà rọ. Lẹ́yìn èyí ni àṣírí tú pé àwọn tó wà nídìí ìjọba àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ti gbọ́n àpò àwọn báńkì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbẹ. Orúkọ àlùfáà kan tó ti Málì wá, Mohamed Cissé, ẹni tó jẹ́ agbaninímọ̀ràn fún Kérékou, ló wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Nígbà tí ọdún 1988 fi ń re ọdún 1989, àwọn báńkì náà ti dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tó fi owó ìsìnkú bàbá rẹ̀ síbẹ̀ kò rí i gbà, oníṣòwò kò rí owó ọjà gbà, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń ka oṣù lórí oṣù láìfojú kan owó.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1989, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò san owó ìrànwọ́ wọn fún bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Àwọn olùkọ́ darapọ̀ mọ́ wọn; àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga yọ ara wọn kúrò nínú àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀; àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì náà sì tẹ̀lé wọn. Ẹgbẹ́ kọ́múníìsì tí ìjọba ti fòfin dè, tí Pascal Fantodji ṣe olórí rẹ̀, ń ṣètò àwọn ènìyàn ní ìkọ̀kọ̀ ní ìgbèríko àti ní ìgboro. Níhìn-ín ni ọgbọ́n ìdìde náà wà, ó sì yẹ kí a ro ó dáadáa. Agbára tí olórí apàṣẹ-wàá ní kò sí lára rẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé tó ń tẹ àṣẹ rẹ̀, olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní orin rẹ̀, àti sójà tó ń dúró de owó oṣù láti gbé ìbọn rẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé kò kọ mọ́, tí ilé-ẹ̀kọ́ tì, tí ilé ìfowópamọ́ ìjọba sì ṣófo débi pé sójà pàápàá kò ní ìdánilójú owó tirẹ̀, ẹni tó kù láàfin jẹ́ ọkùnrin kan lásán tó ń pàṣẹ fún ògiri.

Kérékou gbìyànjú láti dín ooru náà kù. Ó bá Àjọ Owó Àgbáyé ṣe àdéhùn, ó dárí ji àwọn tó wà lẹ́wọ̀n àti àwọn tó sá lọ sókè òkun, ó sì mú Robert Dossou, amòfin tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, wọ inú ìjọba. Kò tó. Faransé, tó jẹ́ ẹni tí Kérékou ń wojú rẹ̀ fún owó, kò fẹ́ sanwó mọ́ fún ètò tó ti kú. Ògiri Berlin sì wó ní oṣù Kọkànlá ọdún 1989. Nígbà tí oṣù Kejìlá fi wọlé, ìwọ́de ti gba ìgboro Kútọ̀nù. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, ìjọba kéde pé àwọn kò ṣe ti Marx àti Lenin mọ́, pé ẹgbẹ́ òṣèlú kò ní jẹ́ ìjọba mọ́, àti pé àwọn yóò pe gbogbo ilẹ̀ jọ sí ìpàdé àpérò kan. Ohun tí Kérékou ń wá ni ìpàdé tí yóò bá a pín ẹrù gbèsè, tí yóò sì fi í sílẹ̀ lórí àga. Ohun tó rí yàtọ̀.

Ìpàdé náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1990. Àwọn kọ́múníìsì Fantodji kò wá. Wọ́n ní ẹni tó jalè kò yẹ kó pe ìpàdé lórí ẹrù tó jí, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Maga wá, Ahomadégbé wá, Émile Derlin Zinsou tí òun náà ti ṣe ààrẹ rí wá, Houngbédji tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ ikú dé láti ìsálọ, àwọn ológun tó ti dìtẹ̀ rí pàápàá wà níbẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ni wọ́n fi ṣe alága. Rédíò gbé ohùn wọn síta, àwọn tó wà ní ilé ọtí, ní ibùdókọ̀ àti ní oko sì gbọ́ ohun tí etí wọn kò gbọ́ rí láti ọdún 1972: ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ń ka ẹ̀ṣẹ̀ olórí ìjọba sójú rẹ̀, ilẹ̀ kò sì là láti gbé e mì. Lórí ọ̀rọ̀ kan ni ohun gbogbo rọ̀ mọ́, èyíinì ni bóyá ìmọ̀ràn ni ìpàdé náà wá fún ìjọba tàbí àṣẹ. Ní ọjọ́ 25, àwọn aṣojú dìbò pé àṣẹ ni, pé ohun tí àwọn bá sọ ni abẹ gé. Inú bí Kérékou gidigidi. Ó sì hàn sí gbogbo ènìyàn pé àwọn sójà kan ń dúró de ìjúwe ojú rẹ̀ láti fọ́n wọn ká.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. De Souza kò fi ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣàwàdà: ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín gbọ̀ngàn àti ààfin, ó ń tu àwọn tó fẹ́ dójú ti olórí ìjọba nínú, ó ń jẹ́ kí olórí ìjọba mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò wá gba ẹ̀mí rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ìgboro tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ fi ìwọ́de gbà, àwọn àgbà inú gbọ̀ngàn ló sọ ọ́ di òfin. Wọ́n yan Nicéphore Soglo, tó ti ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé, láti jẹ́ olórí ìjọba fún àkókò ìyípadà. Wọ́n fi Kérékou sílẹ̀ lórí oyè ààrẹ tí agbára rẹ̀ ti tán. Wọ́n sì fi dá a lójú pé wọn kò ní pè é lẹ́jọ́ fún ohun tó ti kọjá. Ìdáríjì yìí dun àwọn tí ọmọ wọn jìyà ní Ségbana, ìrora wọn kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú; síbẹ̀, iye tí wọ́n fi ra àlàáfíà nìyẹn, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń rà.

Ohun tí wọ́n rà kò kéré. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1990, àwọn ará ìlú dìbò gba ìwé òfin tuntun wọlé. Ìwé náà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ààrẹ ju sáà méjì ọlọ́dún márùn-ún lọ. Ó ní ẹni tó bá ti lé ní 70 ọdún kò gbọdọ̀ díje. Ó sì dá Ilé-ẹjọ́ Ìwé Òfin sílẹ̀, níbi tí ọmọ ìlú èyíkéyìí, ìbáà ṣe alágbàṣe tàbí ìyá aláta, lè gbé ẹ̀sùn lọ pé òfin kan tako ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ 66 inú rẹ̀ tún lọ síwájú: ó ní bí ẹnikẹ́ni bá fipá gbàjọba, ẹ̀tọ́ tó lọ́wọ̀ jù lọ àti ojúṣe tó di dandan jù lọ fún ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni láti kọ̀ láti gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ní oṣù Kẹta ọdún 1991, Soglo fi ìdá tó lé ní 67 nínú 100 borí Kérékou nínú ìdìbò ààrẹ, Kérékou sì gbé ẹrù rẹ̀ jáde. Ní gbogbo Áfíríkà nígbà náà, a lè fi ìka ọwọ́ kan ka àwọn olórí tí ìdìbò ti lé kúrò tí wọ́n sì lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irú èyí rọrùn, kó wo ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ará Tógò ṣe ìpàdé àpérò tiwọn ní ọdún 1991. Nígbà tí oṣù Kejìlá ọdún náà dé, àwọn sójà Eyadéma ti fi ìbọn mú olórí ìjọba tí ìpàdé náà yàn, Eyadéma kò sì kúrò lórí oyè títí ikú fi mú un ní ọdún 2005, tí wọ́n sì fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ní Kóńgò Brazzaville, ìpàdé àpérò gba agbára lọ́wọ́ Sassou Nguesso, ìdìbò sì lé e ní ọdún 1992, ṣùgbọ́n ogun ló fi padà wọlé ní ọdún 1997. Ní ilẹ̀ tiwa, nígbà tí amòfin Alao Aka-Bashorun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ pe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ jọ ní gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá ní Iganmu, l'Ékòó, ní ọdún 1990 kan náà, ọlọ́pàá ni ìjọba Babangida fi dí ẹnu ọ̀nà. Ohun tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ rí gbà lọ́wọ́ Kérékou, àwọn aládùúgbò wọn wá a tì.

Ṣùgbọ́n ebi tó gbé ìdìde náà dìde kò kọ orúkọ sílẹ̀ nínú ìwé òfin, kò sì bá Kérékou jáde láàfin. Soglo ló gba owó oṣù tí wọn kò san àti àwọn báńkì tó ti kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe àtúnṣe. Ó san gbèsè. Owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 1994, Faransé àti àwọn ilẹ̀ tó ń ná CFA gé iye owó náà sí ìdajì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ohun tí ìyá ọlọ́mọ ń rà ní ìrọ̀lẹ́ àná sì di ohun tí apá rẹ̀ kò ká mọ́ ní òwúrọ̀. Ní ọdún 1996, Kérékou tún jáde, ó ti di onígbàgbọ́ tó ń gbé Bíbélì kiri, Houngbédji tí kóòtù rẹ̀ ti dá lẹ́jọ́ ikú rí sì tì í lẹ́yìn. Ó fi ìdá tó lé díẹ̀ ní 52 nínú 100 borí Soglo, Houngbédji sì di olórí ìjọba lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sọ nígbà náà pé ìdìde ọdún 1990 ti di asán, nítorí pé ẹni tí wọ́n lé ló padà wá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi ìbọn wọlé ní ọdún 1972, káàdì ìdìbò ló fi wọlé ní ọdún 1996; ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè bi léèrè rí, sáà tirẹ̀ ní òpin tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ níwájú gbogbo ilẹ̀. Aráàlú kò ṣèlérí pé àwọn kò ní yan Kérékou mọ́. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni agbára láti yan ẹni tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì lè lé e nígbà tó bá sú wọn.

Àkókò tí wọ́n sì dán òpin sáà yẹn wò dé. Láti nǹkan bí ọdún 2003, àwọn kan tó yí Kérékou ká bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí wọ́n tún ìwé òfin ṣe kó lè máa bá oyè lọ. Àwọn ọ̀dọ́ dìde, obìnrin kan tó ń jẹ́ Reckya Madougou wà lára àwọn aṣáájú wọn, wọ́n sì kéde kiri gbogbo ilẹ̀ náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìwé òfin àwọn. Kérékou gbọ́, ó sì lọ ilé ní ọdún 2006, kò sì sí sójà tó jáde. Ní oṣù Keje ọdún náà, nígbà tí àwọn aṣòfin fẹ́ fi ọdún kan kún sáà ara wọn, Ilé-ẹjọ́ Ìwé Òfin wọ́gi lé e, ó ní ìfohùnṣọ̀kan tí gbogbo ilẹ̀ fi gbé ìwé òfin yẹn kalẹ̀ láti ìpàdé oṣù Kejì ọdún 1990 kò ṣeé fi ọwọ́ àwọn díẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 16, ohùn ìpàdé Alédjo ṣì ń dá àwọn alágbára dúró. Ẹni tó bá ní ìdìde náà kò ṣẹ́gun, kó dáhùn sí ìdájọ́ yìí.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà tú ìṣẹ́gun náà palẹ̀ lẹ́yìn náà kò ní ariwo bàtà sójà nínú. Ní ọdún 2016, nígbà tí Boni Yayi, ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ Kérékou, parí sáà méjì tirẹ̀, olùdíje tó lé ní 30 ló jáde, Patrice Talon, gbajúgbajà oníṣòwò òwú, sì wọlé nínú ìdìbò tí kò sí àwáwí kan lórí rẹ̀. Ní ọdún 2018, amòfin tó ti ń ṣojú Talon tẹ́lẹ̀, tó sì ti ṣe mínísítà ìdájọ́ fún un, Joseph Djogbénou, di olórí Ilé-ẹjọ́ Ìwé Òfin. Wọ́n dá kóòtù pàtàkì kan sílẹ̀ fún ẹ̀sùn owó àti ìpániláyà. Òfin ìdìbò tuntun ní ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ wọ Ilé Aṣòfin gbọ́dọ̀ san mílíọ̀nù 249 CFA sílẹ̀, kó sì rí ìdá 10 nínú 100 gbogbo ìbò ilẹ̀ náà. Nígbà tí ìdìbò dé ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2019, ẹgbẹ́ méjì péré ló kún ojú òṣùwọ̀n, àwọn méjèèjì sì wà lẹ́yìn ààrẹ. Wọ́n ti íntánẹ́ẹ̀tì pa lọ́jọ́ náà. Ìdá 27 péré nínú 100 àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ló jáde dìbò. Nígbà tí àwọn ènìyàn wọ́de ní Kútọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, sójà yìnbọn, ẹ̀mí sì bọ́. Ní oṣù Kọkànlá, Ilé Aṣòfin tí kò ní alátakò kankan nínú tún ìwé òfin ọdún 1990 ṣe, láìbi àwọn ará ìlú léèrè.

Olùdíje mẹ́ta péré ló wà nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 2021, nítorí pé òfin tuntun ní olùdíje gbọ́dọ̀ rí ìbuwọ́lù àwọn aṣòfin àti olórí ìjọba ìbílẹ̀ tí gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán wà lẹ́yìn ààrẹ. Wọ́n mú Reckya Madougou, obìnrin kan náà tó gbèjà ìwé òfin lọ́wọ́ Kérékou, ní oṣù Kẹta. Nígbà tí ọdún náà fi ń parí, kóòtù pàtàkì náà ti sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 20. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú Ọba Oníṣábẹ̀ẹ́, ọmọ Ọ̀pàrà, àwọn ọmọ wa dí títì ní oṣù Kẹrin láti ní àwọn kò fara mọ́ ọn. Ìbọn sójà tú wọn ká, àwọn kan kò sì padà délé. Talon wọlé pẹ̀lú ìdá 86 nínú 100. Nínú ìdìbò aṣòfin ọdún 2023, ẹgbẹ́ alátakò rí ìjókòó 28 gbà nínú 109, èyí sì fi hàn pé ìlẹ̀kùn kò tíì tì pátápátá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2025 wọ́n tún ìwé òfin ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sọ sáà ààrẹ di ọdún méje, kò sì sí ìbuwọ́lù tó tó fún ẹgbẹ́ alátakò láti gbé olùdíje kalẹ̀ fún ipò ààrẹ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn sójà kan fara hàn lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ti gbàjọba. Wọn kò rí i ṣe, ọkọ̀ òfurufú ogun Nàìjíríà sì wà lára ohun tó lé wọn padà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ti pẹ́ tó ti sin ìdìtẹ̀gbàjọba tún gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́.

Kí ni kí a wá wí? Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í le koko. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kò fẹ́ olùtọ́jú. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìdìde aráàlú kò sí lára ẹni tí wọ́n lé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lára ìwà ẹni tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ó wà nínú ìbéèrè kan: ǹjẹ́ wọ́n lè yọ olórí tó tẹ̀lé e, àti èyí tó tún tẹ̀lé ìyẹn, láìtún sọ ara wọn sínú ewu ìgboro? Ní ọdún 1991, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún 1996, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún 2006 àti ọdún 2016, òfin gba ipò lọ́wọ́ ẹni tí àkókò rẹ̀ ti tó, ó sì fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọdún 25 nìyẹn, ní ilẹ̀ tí ìjọba kì í pẹ́ kí sójà tó lé e ṣáájú ìgbà Kérékou. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí Soglo wọlé ti dàgbà, ó ti dìbò, ó ti rí ààrẹ mẹ́ta tó kúrò lórí oyè tó sì ń rìn ní ìgboro gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú. Kò sí ẹni tó lè pe irú ogún bẹ́ẹ̀ ní asán.

Àbùkù ibẹ̀ wà, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́. Àwọn tó jókòó ní Alédjo fi gbogbo okun wọn dí ọ̀nà tí sójà ń gbà wọlé, wọ́n sì dí i dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ìyànsípò àwọn adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Ìwé Òfin sọ́wọ́ ààrẹ àti àwọn olórí Ilé Aṣòfin, mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, mẹ́rin láti ọ̀dọ̀ àwọn kejì. Nígbà tí ààrẹ àti ilé aṣòfin bá jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí dára. Nígbà tí wọ́n bá di ọ̀kan, adájọ́ méjèèje di ti ẹnì kan. Wọn kò sì rí nǹkan ṣe sí agbára owó nínú òṣèlú, tó bẹ́ẹ̀ tí oníṣòwò ńlá fi lè ná owó fún ìdìbò olóṣèlú títí tí òun alára fi gba àga. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: ìwé òfin tó dára tó báyìí kò lè gbèjà ara rẹ̀ nígbà tí àwọn tó yẹ kó gbèjà rẹ̀ bá ti lọ ilé.

Alágẹmọ ni àmì tí Kérékou yàn fún ara rẹ̀, ó sì máa ń wí pé ẹ̀ka igi kì í ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹranko náà. Àwa Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tiwa nípa ẹranko yìí kan náà: alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Àwọn tó fi ebi àti ẹsẹ̀ wọn wọ́de ní ọdún 1989, bíṣọ́ọ̀bù tó fi sùúrù jókòó síwájú wọn, tó sì kú ní ọdún 1999, àwọn arúgbó tó gbàgbé ìjà àtijọ́ kí wọ́n lè buwọ́ lu ìwé kan náà, wọ́n ti bí ohun tó yẹ kí wọ́n bí. Wọ́n ṣẹ́gun. Bí àwọn tó tẹ̀lé wọn bá sì fẹ́ gba ìṣẹ́gun náà padà, iṣẹ́ tó wà níwájú wọn ṣe kedere: kí yíyan adájọ́ bọ́ kúrò lọ́wọ́ apá kan ṣoṣo, kí òfin ìdìbò má ṣe jẹ́ ohun tí ẹni tó wà lórí oyè ń fún mọ́ alátakò rẹ̀ lọ́rùn, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ìwé òfin láìbi àwọn tó ni ilẹ̀. Iṣẹ́ yẹn kò ní parí ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n àwọn òbí wọn ti fi hàn wọ́n pé ó ṣeé ṣe láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí ilé aṣòfin tó lè ṣe òfin tí yóò pa ẹ̀rí yẹn rẹ́.